Aṣọ kún kọ́bọ́ọ̀dù mi, èwo ló wá jọ mí níbẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Arẹwà Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ìbàdàn, mo sì ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Bí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi, aṣọ ẹbí ló kún ibẹ̀ dẹ́nu: ti ìgbéyàwó, ti ìsìnkú, ti ìkómọjáde, ti ọjọ́ ìbí àwọn ìyá ọ̀rẹ́ mi. Léèsì olókùúta wà níbẹ̀, ànkárá wà níbẹ̀, gèlè ò lóǹkà. Ẹlòmíràn ló yan àwọ̀ wọn, ẹlòmíràn ló lọ rà wọ́n lọ́jà, tẹ́lọ̀ ló sì yan àrà tó fi rán wọn. Tó bá wá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan náà ni mo máa ń fà yọ.

Mo fẹ́ ní ìmúra tó jẹ́ tèmi, èyí tí ẹni tó mọ̀ mí bá rí lókèèrè, táá fi mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀. Owó oṣù olùkọ́ ni mò ń gbà, nítorí náà mi ò lè lọ ra ọjà tuntun rẹpẹtẹ. Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Tẹ́lọ̀ Mọ́kọ́lá

Àǹtí tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Aṣọ obìnrin ni mo máa ń rán, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí rẹ̀.

Ẹ kó gbogbo aṣọ yẹn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má wo èyí tó wọ́n, ẹ má wo èyí tó ṣì ń dán. Èyí tí abẹ́ apá rẹ̀ ti ń ṣá, tí etí ọwọ́ rẹ̀ ti ń tú, tẹ́ ẹ ti wọ̀ títí tó fẹ́ẹ̀ gbó, òun ni kẹ́ ẹ fà sọ́tọ̀. Aṣọ tó bá yẹni, tó sì rọni lọ́rùn, ni ọwọ́ ń lọ bá láàárọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọjà sílẹ̀ ná.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kẹ́ ẹ mú téèpù. Ẹ wọn èjìká dé èjìká. Ẹ wọn bí ọrùn rẹ̀ ṣe jìn tó níwájú. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí: ṣé òkè ìgúnpá ni àbí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Ẹ wo bó ṣe gùn tó, kẹ́ ẹ wo àyè tó wà ní ìbàdí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé náà. Oníbàárà tó bá gbé aṣọ tó bá a mu wá, tó ní "ẹ gé tuntun bí èyí gẹ́lẹ́", aṣọ rẹ̀ kì í sábà padà wá fún àtúnṣe. Èyí tó bá na fóònù sí mi, tó ní bíi ti obìnrin inú àwòrán lòun fẹ́, ìyẹn ló ń fa wàhálà. Obìnrin inú àwòrán yẹn lè ga jù yín lọ, ìdí rẹ̀ lè kéré sí tiyín, wọ́n sì lè ti fi pín-ìnnì fún aṣọ náà mọ́ ọn lára láti ẹ̀yìn kí wọ́n tó ya fọ́tò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fi àyè bí ínṣì kan sílẹ̀ nínú ojú ìrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, torí ara èèyàn a máa pọ̀ sí i, a sì máa dín kù. Ẹ má sì sanwó tán láìtíì jókòó nínú aṣọ náà. Ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ na ọwọ́ sókè bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń kọ nǹkan sí pátákó. Olùkọ́ ni yín. Aṣọ tí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ dé òkè pátákó, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.

Olóhìjáàbù Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi ò gùn. Ohun tí mi ò lè yọ kúrò lára mi ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀: híjáàbù wà lórí mi lójoojúmọ́, òun ló sì sún mọ́ ojú mi jù, nítorí náà àwọ̀ tó bá ojú mi mu ni mo kọ́kọ́ wá. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú dígí lọ́sàn-án gangan, mò ń gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ má ṣe é lábẹ́ iná yàrá, irọ́ ni iná máa ń pa. Adúmáadán ni mí. Pupa osùn, àwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀ àti aró gbé mi yọ. Yẹ́lò tó ṣá jẹ́ kí ara mi rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọ̀ mẹ́ta yẹn ni híjáàbù mi báyìí. Aṣọ yòówù tí mo bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ bá méjì lọ nínú wọn, ó kéré tán. Bí kò bá bá wọn lọ, mi ò rà á, kódà kí wọ́n ta á lọ́pọ̀.

Ọmọ Gbági

Ará ilé, ẹ kú ìnáwó. Aṣọ ni mò ń tà. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í bèèrè: kí ni wọ́n fi hun aṣọ yìí? Ṣé òwú ni àbí ọ̀rá? Ooru Ìbàdàn lẹ máa wọ̀ ọ́ lọ kíláàsì o. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́jà, kẹ́ ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, kẹ́ ẹ ṣá iná sí i. Bó bá jẹ́ òwú, òórùn ìwé tó ń jó ló máa mú wá, eérú rẹ̀ á sì rọ̀ tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ọ̀rá wà nínú rẹ̀ máa yọ́, á wá dì ní kóró dúdú líle. Wọn ò lè fi orúkọ tàn yín mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ti ànkárá ńkọ́? Ẹ yí i sí ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n fi ìda ṣe, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tí ẹ̀rọ kàn tẹ̀ sí ojú kan, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ṣá. Ti Vlisco, ilé iṣẹ́ tó ti wà ní Helmond ní Netherlands láti 1846, wọ́n gan-an ni, àmọ́ mo ti rí ẹni tó wọ ànkárá olówó pọ́ọ́kú tó gbayì, torí pé ó mọ èyí tó bá òun mu. Yáàdì 6 ni wọ́n sábà máa ń dì í. Bẹ́ ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n tí àwọ̀ náà wù, ẹ pín in. Yáàdì 3 tó bùbá kan fún yín, á sì ṣẹ́ kù.

Ọmọ Kàtangùwà

Ẹ má fojú di òkìrìkà. Aṣọ iṣẹ́ mi, látibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, mo sì ní ìlànà. Apá ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin wà ni mo kọ́kọ́ ń lọ, torí òwú tó nípọn dáadáa ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì fẹ̀ tó láti gé. Mo máa yọ kọ́là rẹ̀, mo máa dín ọwọ́ rẹ̀ kù, á di bùbá tí ẹlòmíràn ò ní irú rẹ̀. Kí n tó sanwó mo máa na abẹ́ apá sí ìmọ́lẹ̀, mo máa fa ojú ìrán lọ́tùn-ún lósì, mo máa wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ti fẹ́lẹ́. Nílé, omi gbígbóná àti ọṣẹ, oòrùn, kí n tó wá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tó gbóná dáadáa. Kò sí èyí tó ń wọ kọ́bọ́ọ̀dù mi láìgba ọ̀nà yẹn kọjá.

Aláró Ẹ̀gbá

Àǹtí Bódìjà, ẹ wá àdìrẹ wọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà ní Abẹ́òkúta.

Àwòṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà tó ń jẹ́ Ìbàdàn dùn. Bẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 yẹn. Òmíràn wà tó ń jẹ́ Júbílì, tó jáde nígbà àjọ̀dún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Àwọn ìyá tó ń ya aṣọ nígbà náà, ohun tí ojú wọn rí ní ìgboro ni wọ́n ń yà sílẹ̀. Olùkọ́ tó bá wọ Ìbàdàn dùn lọ kíláàsì ní Ìbàdàn ti ní ohun tí yóò bá àwọn ọmọ sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, torí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti kún ọjà, kódà ní Ìtòkú lọ́dọ̀ wa. Oníko gidi, òwú tàbí rófíà la fi ń dì í kó tó wọ ìkòkò aró. Àwọn òrùka rẹ̀ kò ní dọ́gba: ọ̀kan á tóbi, ọ̀kan á kéré, ẹ ó sì rí ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ níbi ìdì. Ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ pákí la máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sójú aṣọ. Ojú kan péré la máa ń yà, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dúdú ju ojú lọ. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, àwòrán kan náà ni yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe láti etí dé etí, láìyẹ̀ lápá kankan. Bẹ́ ẹ bá ti ki ọwọ́ bọ irú aṣọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ojú yín ò ní ṣì wọ́n pè mọ́.

Aṣọ aró a máa ṣí. Ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, ẹ má fi ọṣẹ líle bá a jà, ibòji ni kẹ́ ẹ sá a sí. Lójú tèmi, ìgbà tó bá ti ṣí díẹ̀ ló ń rẹwà jù, torí pé ibi tí ara yín ti ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ṣí jù, títí tí yóò fi di tiyín pátápátá.

Mo sì fẹ́ dárúkọ ìyá kan ní ìlú wa. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ kàwé ní Ìlú Ọba ní 1919, ó padà dé ní 1922, kò sì sí gáùn òyìnbó tí kò lè wọ̀. Nígbà tó wá ń ṣáájú àwọn ìyá ọlọ́jà lórí ọ̀rọ̀ owó orí ní àwọn ọdún 1940, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, Yorùbá ló sì ń sọ níbi ìpàdé, kí ìyá tó ń ta ata lè mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ni. Ẹ ò rí i pé ó mọ ẹni tó ń wọṣọ láti dúró tì? Ìbéèrè tí mo máa fi ti ọ̀dọ̀ tèmi kún ti tẹ́lọ̀ nìyẹn. Aṣọ tó bá ara yín mu, ó dáa. Ta lẹ wá ń wọ̀ ọ́ jáde sí? Àwọn ọmọ kíláàsì yín ń wò yín láti àárọ̀ dọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n Àkúrẹ́

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí bọ̀, inú mi dùn sí i, àmọ́ mo fẹ́ gbèjà aṣọ ẹbí díẹ̀. Ẹni tó pè yín sí aṣọ ẹbí, ó kà yín mọ́ tirẹ̀ ni. Ẹ má wá sọ ọ́ di ọ̀tá.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan wà níbí. Yálà léèsì ni wọ́n mú, yálà ànkárá ni, yálà àwọ̀ náà wù ú tàbí kò wù ú, bí ó ṣe ń rán tirẹ̀ kì í yí padà: bùbá ọlọ́rùn roboto, ọwọ́ tó fẹ̀ dé ìgúnpá, ìró tó dé ọrùn ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù lè wọ èyí tó fún wọn ní ìbàdí títí wọn ò fi lè mí, òun ò ní bá wọn lọ síbẹ̀. Bó bá wọ gbọ̀ngàn, láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wọ aṣọ kan náà, ojú á lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olóde yan àwọ̀, kẹ́ ẹ̀yin yan bí wọn yóò ṣe gé e. Ìwọ̀n tí tẹ́lọ̀ Mọ́kọ́lá ní kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé yẹn, ẹ lò ó fún aṣọ ẹbí pẹ̀lú.

Bí owó rẹ̀ bá sì ju agbára yín lọ, ẹ ra gèlè nìkan, kẹ́ ẹ wé e lé aṣọ tẹ́ ẹ ní nílé tí àwọ̀ rẹ̀ bá a lọ. Olóde tó bá fẹ́ràn yín ò ní bínú. Ẹ má jẹ gbèsè nítorí aṣọ òde rárá.

Baba Ìbejì

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń kà á láì fèsì, ó kàn yín o. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ ní ọ́fíìsì wa, àtíkù funfun tàbí búlúù dúdú ló máa kún ibẹ̀, tí wọ́n gé bákan náà, tí wọ́n rán bákan náà. Ẹ wo Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Fìlà kan àti gíláàsì roboto, kò pa wọ́n dà, títí dòní olónìí wọ́n ṣì ń pe fìlà yẹn ní fìlà Awó lọ́jà. Ohun kan péré lèèyàn nílò láti dì mú. Tèmi ni fìlà aṣọ òfì, n kì í wọ̀ ọ́ dọ́gba pẹ̀lú aṣọ ọrùn mi; bí aṣọ bá jẹ́ àwọ̀ kan, fìlà á ní ilà lára.

Arẹwà Bódìjà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Mo ti kó wọn sórí bẹ́ẹ̀dì bí tẹ́lọ̀ ṣe wí. Èyí tó ti fẹ́ẹ̀ gbó jù ni bùbá òwú kan, aláwọ̀ aró, tí mo ti ń wọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní agùnbánirọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, ó dúró ní ìgúnpá, ọrùn rẹ̀ kò jìn. Mi ò fìgbà kan rò ó pé aṣọ gidi ni, aṣọ inú ilé ni mo kà á sí. Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé òun ni mo máa ń wọ̀ lọ gbogbo ibi tí ọkàn mi ti balẹ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè mi kejì rèé. Ìyá mi fún mi ní ìró ẹtù, aṣọ òfì aláró, tó jẹ́ ti ìyá wọn. Ó wà nínú àpótí, òórùn káńfọ̀ ti gbà á, ó wúwo, aró rẹ̀ dúdú títí tó fi ń pọ́n. Kò sí ibi tí mo lè wọ̀ ọ́ lọ bó ṣe wà. Mo fẹ́ gé e, kí n fi rán jákẹ́ẹ̀tì tí mo lè wọ̀ lórí bùbá. Ìyá mi ní kí n má dán an wò. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Peckham

Mo kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Kí àwọn tó mọ̀ nípa òfì tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìró. Láti 2022 sí 2023, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ṣe ìfihàn aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà níbí, mo sì rí iṣẹ́ màmá wa Shade Thomas-Fahm níbẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní àwọn ọdún 1950, wọ́n wá padà sí Èkó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rí i pé obìnrin tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kò lè máa dúró tún ìró ró lójú títì, wọ́n wá fi sípù sí i. Wọ́n ṣe gèlè tó jẹ́ pé wọ́n ti wé e sílẹ̀, kéèyàn kàn gbé e dé. Iṣẹ́ ilé wa ló ṣì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Tíṣà tó ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ sọ fún tẹ́lọ̀ yín, ìró onísípù lé bùbá aró yẹn máa dáa.

Níhìn-ín òtútù ló ń pàṣẹ. Mo máa ń wọ súwẹ́tà dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọlọ́rùn gíga sábẹ́ bùbá àdìrẹ mi, ṣòkòtò jíìnsì nísàlẹ̀. Níbi iṣẹ́ mi wọ́n ti mọ̀ mí mọ́ ọn, bí mi ò bá wọ̀ ọ́ wọ́n á bi mí pé ṣé ara mi yá.

Màmá Ìjẹ̀bú

Arẹwà, ọmọ mi, má fi àlùmọ́gàjí kàn án.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ó dùn létí. Gèlè ò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bí kó yẹni. Mo fara mọ́ kí ọmọ wá ohun tó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n sányán, ẹtù, àlàárì, aṣọ àtayébáyé ni wọ́n. Ìyá ìyá rẹ ò fi owó kékeré rà á. Bó o bá gé e lónìí, jákẹ́ẹ̀tì ìwọ̀n ara tìrẹ ni ọmọ rẹ máa bá, kò sì ní rí nǹkan kan fi í ṣe. Bó o bá fi í sílẹ̀ ní odidi, òun náà á rí ohun tó máa fi dá àrà tirẹ̀.

Ká a sí méjì lóròòró, fi ṣe ìborùn, kó o gbé e lé èjìká òsì lórí bùbá aró rẹ. Ìwúwo rẹ̀ gan-an ni yóò mú kó jókòó dáadáa láìyọ̀. Bó o bá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síbi ìpàdé àwọn òbí ní ilé ìwé rẹ, gbogbo ènìyàn ló máa bèèrè ibi tó o ti rí i. Kí o sọ fún wọn pé ti ìyá ìyá rẹ ni.

Tẹ́lọ̀ Mọ́kọ́lá

Màmá, ẹ pẹ́ fún wa. Àǹtí, mo ti gé aṣọ òfì tó ti pẹ́ rí fún oníbàárà. Bí abẹ bá ti kọjá lára rẹ̀, etí tí ẹ gé yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ẹ̀rọ mi ò sì fẹ́ràn ibi tó nípọn. Ẹ kọ́kọ́ bi ahunṣọ ná.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Wọ́n pè mí, mo dé. Ìdílé ahunṣọ ni wọ́n ti bí mi. Màmá Ìjẹ̀bú sọ òótọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀nà kan wà tí ìyá yín ò ní bínú sí.

Aṣọ òfì kì í ṣe odidi kan. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ínṣì 4 sí 6 ní fífẹ̀, tí a rán pọ̀ mọ́ra létí. Ẹ yí ìró náà sí ẹ̀yìn, ẹ máa rí ojú ìrán láàárín ọ̀já kan sí èkejì. Bí aṣọ náà bá ti pẹ́ dáadáa, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, òwú ìrán yẹn ló máa kọ́kọ́ gbó ṣáájú aṣọ. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ mú abẹ tín-ínrín, kẹ́ ẹ máa já òwú ìrán náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fà á ya. Ọ̀já méjì tàbí mẹ́ta láti etí kan, ó tó. Èyí tó kù ṣì jẹ́ ìró, ó ṣì tó ìborùn tí màmá wí, ọmọ yín ṣì máa bá a.

Etí ọ̀já kì í tú, torí bí a ṣe hun ún nìyẹn. Orí àti ìdí rẹ̀ nìkan lẹ máa ṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ lè gbé ọ̀já kan gba iwájú bùbá òwú láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi òmíràn sí etí ọwọ́ méjèèjì. Bí ẹ bá rán irú rẹ̀ sí bùbá tuntun tí wọ́n gé bíi ti ògbólógbòó yẹn, iṣẹ́ ti parí. Ẹ má fi ẹtù tó ti pẹ́ sí abẹ́ apá tàbí ìdí, torí òógùn àti ìjókòó máa jẹ ẹ́ tán.

Kí ẹ tó já òwú kankan, ẹ gbé aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fà á. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń já, ó ti gbó nínú nìyẹn, ìmọ̀ràn Màmá Ìjẹ̀bú ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé pátápátá. Òórùn káńfọ̀ ò ní kí ẹ rì í sínú omi. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kẹ́ ẹ máa yí i padà, yóò lọ.

Bó bá jẹ́ pé jákẹ́ẹ̀tì gan-an ló ṣì wù yín, ẹ jẹ́ ká hun tuntun. Ẹ mú ìró náà wá kí ahunṣọ lè ka àwọn ilà funfun tó wà nínú aró rẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Ẹ sọ fún un pé òwú nìkan lẹ fẹ́, kó má fi sáín-sáín sí i, kó sì jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí ti òde òní fúyẹ́ ju ti ìyá yín àgbà lọ, ẹ sì máa lè wọ̀ ọ́ nínú ooru kíláàsì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ kẹta kún un nítorí pé òun ló ń lọ lọ́jà.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwọ̀n lọ́wọ́ tẹ́lọ̀ yín: gígùn ẹ̀yìn, fífẹ̀ àyà, gígùn ọwọ́. Ọ̀já la fi ń ṣírò, a kì í fi yáàdì ṣírò, ìwọ̀n yẹn ló máa sọ iye ọ̀já tí a máa hun.

Tẹ́lọ̀ Mọ́kọ́lá

Mo ti gbọ́. Àǹtí, ẹ mú bùbá ògbólógbòó yẹn, ìwé ìwọ̀n àti òwú funfun yáàdì 2 fún inú jákẹ́ẹ̀tì dání. Ẹ ti fọ òwú náà kẹ́ ẹ tó mú un wá, kó ti sún kì tán, kó má bàa fa òfì jọ lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́.